Ìbọn Wo Ló Yẹ fún Ọ̀yà Inú Oko?

Bí ẹ bá dé oko láàárọ̀ tí ẹ bá àgbàdo nílẹ̀, tí ojú ibi tó ti gé rí ṣọnṣọ bí ẹni pé wọ́n fi àdá ṣá a, ọ̀yà ló wọlé lóru. Kò mọ àgbàdo nìkan; ìrẹsì, ìrèké, ẹ̀gẹ́, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ. Ẹ kọ́kọ́ ṣán etí oko yín mọ́, nítorí ọ̀yà kì í fẹ́ ré gbangba kọjá. Bí ẹ bá ṣe èyí tí kò dáwọ́ dúró, tí ọ̀rọ̀ wá di ti ìbọn, ẹ fara balẹ̀ yan án.

Ráífù kò yẹ oko wa. Kékeré inú wọn pàápàá, èyí tí wọ́n ń pè ní .22, lè gbé ọta kọjá kìlómítà kan. Ta ló wà nínú oko kejì? Ẹ ò mọ̀. Ṣakabùlà náà ní wàhálà tirẹ̀: ọwọ́ la fi ń bu ẹ̀tù sí i, bó bá pọ̀ jù, ìbọn lè fọ́ mọ́ ẹni tó yìn ín lójú. Ìbọn ọdẹ tó ń lo kátíríìjì ló dára jù, ẹlẹ́nu kan sì tó fún àgbẹ̀.

Nọ́ńbà 12 tí ẹ ń rí lára ìbọn kì í ṣe gígùn rẹ̀. Bí a bá fi òjé rọ ọta róbótó tó kún ihò ìbọn náà gẹ́lẹ́, méjìlá irú rẹ̀ ló máa wọn pọ́n-ùn kan. Nítorí náà ihò 20 kéré sí ihò 12. Ibí gan-an ni ewu wà o! Kátíríìjì 20 máa ń yọ́ wọ inú ìbọn 12, á lọ há síwájú. Ẹni tó bá rò pé ìbọn òun ṣófo, tó tún ki 12 sí i, tó yìn ín, ihò ìbọn lè bẹ́, ọwọ́ lè bá a lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sábà máa ń ṣe 20 ní àwọ̀ yẹ́lò. Ẹ má kó oríṣi méjèèjì sínú àpò kan láé.

Nọ́ńbà mìíràn wà lára kátíríìjì, òun ló ń sọ bí ọta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ṣe tóbi tó. Òdì ni wọ́n ń kà á: bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ọta ń kéré sí i. 6 tàbí 7 dára fún àparò. Fún ọ̀yà, ẹ ra 4 tàbí BB. Ẹran ńlá ni SSG wà fún, ó sì ń lọ jìnnà. Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ọdẹ. Ẹ má yìn kọjá mítà 35. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọta ti fọ́n ká, ọ̀yà á gbé ọgbẹ́ sá lọ kú sínú igbó, ẹ ò sì ní rí i jẹ.

Koríko tó ń mì kì í ṣe ẹran. Ojú tó ń dán nínú iná tọ́ọ̀ṣì lè jẹ́ ti ewúrẹ́ aládùúgbò. Títí ẹ ó fi rí gbogbo ara ẹran náà, ìka yín ò gbọ́dọ̀ kan ibi tí a ń tẹ̀ tí ìbọn fi ń dún.

Láísẹ́ǹsì ńkọ́? Òfin ìbọn Nàìjíríà, tí wọ́n ti ń lò láti 1959, kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti ní ìbọn ọdẹ láìgba láísẹ́ǹsì, ṣakabùlà pàápàá wà nínú rẹ̀. Ẹ lọ bá ọlọ́pàá àgbègbè yín kí ẹ tó náwó. Bí ìbọn bá délé, ẹ tì í mọ́ yàrá, kí kátíríìjì wà lọ́tọ̀ níbi gbígbẹ tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Èyí tí omi bá ti kàn, tó wú, ẹ má fi tipátipá ki í bọ ihò ìbọn.