ABS lára alùpùpù: ẹ di bíréèkì mú, ẹ má jọ̀wọ́ rẹ̀

Ẹ̀rù bíréèkì ọwọ́, èyí tó ń dá táyà iwájú dúró, ń ba ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gun alùpùpù. Ti ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tẹ̀. Ẹ̀rù náà nídìí: tí táyà iwájú bá há lójijì, kò ní yí mọ́, yíyọ̀ ló máa yọ̀, ilẹ̀ ló kù. Àmọ́ tí alùpùpù bá ń dúró, iwájú ni ìwúwo rẹ̀ ń bọ́ sí, ẹ̀yìn á fúyẹ́. Bíréèkì tí à ń sá fún yìí gan-an ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdúró.

Torí kí táyà má bàa há ni wọ́n ṣe ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní ABS. Ọdún 1988 ni BMW gbé èyí tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ sára alùpùpù rẹ̀ tó ń jẹ́ K100. Òrùka eléyín kan wà láàárín táyà, sẹ́ńsọ̀ sì ń ka bí eyín náà ṣe ń kọjá. Tí kọ̀ǹpútà bá rí i pé táyà fẹ́ há, á dẹ bíréèkì, á tún fún un, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọwọ́ èèyàn kò lè yára tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í nìyí. Tí ABS bá ń ṣiṣẹ́, bíréèkì á máa gbọ̀n lábẹ́ ìka bí ìgbà tí nǹkan fẹ́ já. Ẹni tí kò mọ̀ á jọ̀wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì máa fún un kí ẹ tún máa tú u. Ẹ̀rọ ti ń ṣe ìyẹn. Ẹ fún ti ọwọ́ kó máa le sí i, ẹ tẹ ti ẹsẹ̀ mọ́ ọn, ẹ wo iwájú, kí alùpùpù nàró ṣánṣán, ẹ dì í mú títí ẹ ó fi dúró pátápátá. Ẹ lọ dán an wò ní pápá tó ṣófo, láti orí eré kékeré, kí gbígbọ̀n náà má bàa ṣàjèjì lọ́jọ́ tí ọmọdé bá já wọ títì.

ABS kì í ṣe ààbò fún eré àsápajúdé. Lórí eré kìlómítà 60 ní wákàtí kan, alùpùpù á ti lọ tó mítà 17 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ọwọ́ lè má tíì kan bíréèkì. Lórí yanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́, ó lè pẹ́ kó tó dúró. Nínú kọ́nà tí alùpùpù ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ ABS kò lè gba èèyàn. Ẹ dín eré kù kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ táyà iwájú nìkan ni wọ́n ń ṣọ́. Iná ABS ojú dáṣíbọ́ọ̀dù máa ń tàn tí ẹ bá ṣíná alùpùpù, á sì kú tí ẹ bá rìn díẹ̀. Tí kò bá kú, ABS kò ṣiṣẹ́. Mẹkáníìkì ló kàn.

Láti ọdún 2019, dandan ni ABS lórí gbogbo alùpùpù tuntun tó ju 125cc lọ ní Íńdíà. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tó ń gbé èrò nílẹ̀ wa kò ní in. Tí tiyín kò bá ní in, ẹ fún bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Tí táyà bá sì há, ẹ dẹ̀ ẹ́ kíá.