Ẹ Má Dúró De Júbílì Kí Ẹ Tó Rántí Ọjọ́ Ìgbéyàwó Yín

Bí a bá wọ pálọ̀ àwọn àgbà ní ìlú wa, ohun kan wà tí a sábà máa ń rí lára ògiri. Àwòrán ìgbéyàwó ni, tí ó ti ń pọ́n bí ewé gbígbẹ. Ọkọ wọ kóòtù, ìyàwó wọ aṣọ funfun, tábìlì kékeré tí a gbé òdòdó lé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín nínú wọn, nítorí ayàwòrán ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má mira. Láàárọ̀, lálẹ́, àwọn ọmọ ilé ń kọjá lábẹ́ àwòrán náà. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè pé ta ni ọkùnrin tí ó dúró lẹ́yìn ọkọ, tàbí ọdún wo ni a ya àwòrán náà, ẹ ó rí i pé wọn kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti lo ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú ara yín. Ọjọ́ ìgbéyàwó kì í sọ ìtumọ̀ ara rẹ̀ lọ́jọ́ tí a ń ṣe é. Ìlù ń dún, ọbẹ̀ ń ta sánsán, àwọn ọ̀rẹ́ ń náwó. Ta ni ó ráyè ronú? Ìgbà tí ọdún bá gorí ọdún ni a tó mọ ohun tí a jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn baba wa kúkú ti wí i tẹ́lẹ̀ pé ìgbéyàwó kò ṣòro, owó ọbẹ̀ ni ó ṣòro.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1937, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ni Ọ̀gbẹ́ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbé Omidan Hannah Ìdòwú Adélànà níyàwó. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni àwọn méjèèjì. Ọkọ jẹ́ ẹni ọdún 28, ìyàwó jẹ́ ẹni ọdún 22. Ẹni tí ó wò wọ́n lọ́jọ́ náà kò lè mọ̀ pé olórí ìjọba lọ́la ni òun ń wò. Ọmọ tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ ní kékeré ni ọkọ. Ó ti ṣe tíṣà rí, ó ti ṣe akọ̀wé, ó ti bá ilé ìwé ìròyìn ṣiṣẹ́, ó sì ti bọ́ sínú òwò ọkọ̀ àti òwò kòkó. Ìyàwó náà ti kàwé ní Methodist Girls' High School ní Èkó, ní àkókò tí ọmọbìnrin tí ó dé irú ibẹ̀ kò pọ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ wo ọdún tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Owó kòkó tí ó ga ní ìbẹ̀rẹ̀ 1937 ti já wálẹ̀ gidigidi kí ọdún náà tó parí. Ẹni tí ó bá ti ra ọjà lọ́wọ̀ọ́n rí, tí ó wá tà á lọ́pọ̀, mọ bí ó ti ń rí lára. Kò pẹ́ tí òwò ọkọ fi dẹnu kọlẹ̀ tí gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tí ó fẹ́ oníṣòwò wá di ìyàwó onígbèsè. Ṣùgbọ́n kò di ẹrù rẹ̀ padà sílé baba rẹ̀.

Ní 1944, ọkọ tún gbéra, ó di Lọ́ńdọ̀nù, ó ń lọ kọ́ ìmọ̀ òfin. Ogun Hitler kò tíì parí nígbà náà, àwọn ọmọ sì kéré. Ìyá ọmọ ni ó dúró ti ilé. Ó ń ṣòwò, ó ń bọ́ ọmọ, ó ń retí lẹ́tà. Ní 1946 ni ọkọ di lọ́yà, nígbà tí ó sì padà dé, ilé rẹ̀ kò tú.

Lẹ́yìn náà ni ojú ọjọ́ mọ́ fún wọn. A dá ẹgbẹ́ Action Group sílẹ̀ ní 1951. Ọkọ di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954. Ní 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin tíṣà kò sì ní gbàgbé bí ọmọ ti kún kíláàsì. Òwò ìyàwó náà ń gbèrú. Nígbà tí Olóyè Awólọ́wọ̀ gbé ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde ní 1960, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun iyebíye tí ènìyàn kò lè díyelé ni ìyàwó òun jẹ́.

Ẹ kíyè sí i pé nígbà tí ó kọ ọ̀rọ̀ yẹn, èyí tí ó le jù kò tíì dé. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1963, nígbà tí baba ń jẹ́jọ́ lọ́wọ́ lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba, àkọ́bí wọn, Ṣẹ́gun, tí òun náà jẹ́ lọ́yà, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Oṣù méjì péré lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, adájọ́ rán baba lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Obìnrin kan ṣoṣo ni ó sin ọmọ tí ó sì sin ọkọ dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n láàárín oṣù méjì. Síbẹ̀, nígbà tí ìdìbò 1964 ń bọ̀, ó dìde, ó gba ipò ọkọ rẹ̀ nínú ìpolongo ìbò, ó ń ti ìlú dé ìlú. Oṣù Kẹjọ ọdún 1966 ni ọkọ tó gba ìdásílẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ. Olóyè Awólọ́wọ̀ fi ayé sílẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 1987. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ó ku oṣù méje ààbọ̀ kí àwọn méjèèjì pé àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti gbéyàwó. Màmá gbé ọdún 28 lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé bá òun náà ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ó ku oṣù méjì ó lé ọjọ́ díẹ̀ kí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọjọ́ tí ìbá pé ọgọ́rùn-ún gan-an, ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá, ni a sin ín. Bí ó ti wu kí ènìyàn lókìkí tó, kò sí ẹni tí ó lè bẹ ọdún kí ó pé.

Ṣé a ó wá sọ pé ọdún tí wọ́n lò kò pé? Ó pé dáadáa. Ẹ jẹ́ kí a rántí àwo ìdána. Nínú àwo kan náà ni àwọn ìyá wa ń gbé oyin àti orógbó sí. Wọ́n a fi oyin wúre pé kí ayé ọkọ àti ìyàwó dùn. Wọ́n a fi orógbó wúre pé kí wọ́n gbó. Oyin dùn, orógbó korò. Lọ́jọ́ náà, àwọn ọ̀dọ́ a máa du oyin lá, wọ́n a sì yọ orógbó sílẹ̀. Ó di ẹ̀yìn ọgbọ̀n ọdún kí tọkọtaya tó mọ̀ pé ẹni tí yóò bá gbó gbọ́dọ̀ jẹ nínú èyí tí ó korò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, tí ó dárúkọ òṣì àti àìsàn lọ́jọ́ tí gbogbo ènìyàn ń jó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwàásù tí àwọn àlùfáà ń ṣe níbi tí a bá ti ń so yìgì.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mẹ́ta ni a ní fún yín.

Èkíní, ẹ sọ àwòrán yẹn kalẹ̀ lára ògiri. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́, ìlú, àti orúkọ gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn tí ó mọ̀ wọ́n ń dín kù lọ́dọọdún.

Èkejì, ẹ má sọ pé ó di ìgbà tí ẹ bá pé àádọ́ta ọdún, kí a tó dá aṣọ ẹbí kí a sì pe onílù. Ní ọdún kọ̀ọ̀kan tí ọjọ́ náà bá yí ká, adìẹ kan tó. Ẹ kó àwọn ọmọ jọ, ẹ sọ ìtàn òtítọ́ kan fún wọn. Kì í ṣe ti ìlù àti ìrẹsì nìkan. Ẹ sọ ti ọdún tí owó tán. Ìyàwó pọ̀ nínú ìlú yìí tí ó ta yẹtí wúrà rẹ̀ kí ọmọ lè rí owó ilé ìwé san, tí àwọn ọmọ náà kò sì mọ̀ títí di òní. Ẹ̀yin baba, ẹnu yín ni ó yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọ, kí ìyá wọn sì jókòó níbẹ̀ kí ó máa gbọ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin náà ẹ sọ ti baba tí ó ń wọ ṣòkòtò kan ṣoṣo lọ sí ibi iṣẹ́ kí ilé má bàa tú.

Ẹlòmíràn lè wí pé, "Ìyà tí mo jẹ nílé yìí pọ̀, n kò fẹ́ rántí." A kò ní kí ẹ purọ́. Ẹ sọ èyí tí ó dùn, ẹ sọ èyí tí ó korò. Ọmọ tí ó gbọ́ méjèèjì ni kò ní sá nígbà tí ti òun bá dé.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ ṣe ìyàwó, ẹ má yá owó ọbẹ̀ ọdún mẹ́ta kí ẹ fi jó lọ́jọ́ kan. Àlejò á lọ, gbèsè á sì jókòó ti ìyàwó ní ilé ìdáná.

Bí ọdún mọ́kàndínlógún ni ẹ pé lọ́dún yìí, ó tó ọpẹ́. Bí ó bá jẹ́ mẹ́tàdínlógójì, ó tó ọpẹ́. Ẹni tí ó ti di opó, kí ó sọ tirẹ̀ fún ọmọ, nítorí ìdajì ìtàn náà ti lọ, ọwọ́ rẹ̀ ni ìdajì tí ó kù wà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì jọ ń jẹun, ẹ má fi ọpẹ́ tí ó yẹ kí ẹ dú ara yín lónìí pamọ́ de ọdún tí kò sí lọ́wọ́ yín.