Bí oníbàárà bá pe aṣọ yín ní "drab", kí ló ń sọ?

Ẹ̀yin tẹ́lọ̀ àti ẹ̀yin aláṣọ tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ní Mayfair, ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ mọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára àwọn oníbàárà yín, òyìnbó sì ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń dúnàá-dúrà. Ọ̀rọ̀ kan tó lè jáde lẹ́nu wọn ni "drab". Ohun tó túmọ̀ sí ni pé nǹkan kò tàn, kò wu ojú, kò sì fani mọ́ra. Kò túmọ̀ sí pé aṣọ náà dọ̀tí tàbí pé ó ti gbó o. Aṣọ tó dọ̀tí, ẹ lè fọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n pè ní "drab", fífọ̀ kò ràn án.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èébú níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Faransé ló ti wá, "drap" ni wọ́n ń pe aṣọ, ibẹ̀ náà ni "draper", ìyẹn ẹni tó ń ta aṣọ, ti ṣẹ̀ wá. Láàárín àwọn ọdún 1500 ni àwọn ará Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi "drab" pe irú aṣọ kan, pàápàá aṣọ irun àgùntàn tí wọn kò pa láró. Nígbà tó yá, ó di orúkọ àwọ̀ aṣọ náà, tó dà bíi ti ilẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1880 ni wọ́n tó ń fi pe ohunkóhun tó bá súni, ìbáà ṣe ilé, iṣẹ́ tàbí ìgbésí ayé èèyàn.

Ẹni tó bá mọ kíjìpá yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Aṣọ tó nípọn tó sì lálòpẹ́ ni, àwọn baba wa fi roko títí. Síbẹ̀, kí wọ́n tó rì í sínú aró, ta ló ń wọ̀ ọ́ lọ sóde ìyàwó?

Ibi tí owó ti lè sọnù nìyí: bí ẹ bá rí "olive drab" lára ọjà tó ti òkè òkun wá, ẹ má dá a padà. Orúkọ àwọ̀ ni, àwọ̀ ewé tó ṣú mọ́ ti ilẹ̀, èyí tí àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà wọ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nítorí kì í jẹ́ kí ọ̀tá tètè rí wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń ra ṣòkòtò àti báàgì aláwọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé aṣọ tí ẹ rán ni oníbàárà pè bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá àwọ̀ ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn àbí sítáì, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.