Ọmọ Ní Òun Ò Ṣe Kẹ́mísírì Mọ́: Àṣé Káún Inú Ọbẹ̀ Ìyá Ẹ̀ Ló Ń Sá Fún!

Ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀ yìí tó kàn yín gbọ̀ngbọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ òyìnbó ni wọ́n fi ń pè é.

Bí ọmọ bá ti wọ SS1 ní Rẹ́mọ wa níbí, ì báà jẹ́ Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́, Ìpẹru tàbí Òdè Rẹ́mọ, kì í pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ pé, "Màámi, mi ò ṣe sáyẹ́ǹsì mọ́ o, kíláàsì Áàtì ni mò ń lọ." Ẹ bi í pé kí ló dé. Kò ní dárúkọ bàólọ́jì. Kẹ́mísírì ni! Ọ̀pọ̀ ìyá, nígbà tí àwọn náà ò jókòó ti ìwé ọ̀hún rí, á ní, "Ó dáa, ọkọ mi, ṣe èyí tó bá rọ̀ ẹ́ lọ́rùn." Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ bùṣe.

Kò bùṣe rárá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, wọ́n á béèrè kírẹ́díìtì kẹ́mísírì lọ́wọ́ ẹ̀. Dókítà, bẹ́ẹ̀. Apòògùn, bẹ́ẹ̀. Ẹnjiníà, bẹ́ẹ̀. Kódà ẹni tó fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì, kẹ́mísírì ń dúró dè é lẹ́nu géètì. Ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣágámù níbí, ojoojúmọ́ làwọn ọmọbìnrin wa ń rí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń wọlé tó ń jáde, tí wọ́n sì ń sọ pé àwọn náà fẹ́ dà bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin kan tá a jọ wà ní kíláàsì kan náà gba méjì nínú ogún ní tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, ló bá sá kúrò. Ìgbà tó jáde ìwé mẹ́wàá tán ló tó rí i pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gan-an lòun fẹ́. Ọdún méjì gbáko ló tún fi ń lọ lẹ́sìnnì kó tó gba kírẹ́díìtì. Ẹ̀fọ́ ni ìyá ẹ̀ ń tà, owó ẹ̀fọ́ yẹn náà ni wọ́n fi san án.

Èmi ṣe kẹ́mísírì dé òpin SS3 ní tèmi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí níbẹ̀ fún yín.

"NA" KẸ̀?

Ọjọ́ àkọ́kọ́, tíṣà gbé páálí ńlá kan kọ́ sára ògiri, ó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ bí ìwé kàlẹ́ńdà. Ó ní gbogbo ohun tó wà láyé, iyọ̀ o, irin o, omi o, ara èèyàn o, inú àwọn ohun tó wà nínú páálí yìí ni wọ́n ti wá. Méjìdínlọ́gọ́fà (118) ni wọ́n. Lẹ́tà kan tàbí méjì ló dúró fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kábọ́ọ̀nù ń jẹ́ C, a gbà. Ọ́síjìn ń jẹ́ O, ìyẹn náà yé wa. Ṣùgbọ́n sódíọ̀mù ń jẹ́ Na! Pòtásíọ̀mù ń jẹ́ K! Òjé tí òyìnbó ń pè ní "lead" ń jẹ́ Pb! Ẹnì kan nawọ́, ó ní, "Sà, kí ló dé?" Tíṣà ní, "Ẹ há a sórí." A sì há a sórí bí ẹni ń kọ́ ọfọ̀. Níbẹ̀ yẹn gan-an lọ̀pọ̀ ọmọ ti máa ń sọ pé kẹ́mísírì kì í ṣe ti ọmọ èèyàn.

SS2 la wà nígbà tí kọ́pà kan dé, ará Ìbò ni. Ó bi wá pé, "Ta ni ìyá ẹ̀ ń ta káún níbí?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kan tí ìyá ẹ̀ ń ta ata gígún, iyọ̀ àti káún ní Sábó nawọ́, ojú ń tì í. Kọ́pà ní kó mú díẹ̀ wá lọ́la.

Nígbà tó mú un dé, kọ́pà gbé e sókè, ó ní, "Ẹ wò ó, Na rèé o." Ó ní àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ máa ń kó irú káún yìí létí adágún tó ti gbẹ, òun ni wọ́n fi ń tọ́jú òkú àwọn ọba wọn kó má baà jẹrà. Orúkọ tí wọ́n ń pè é nígbà náà ló di "natron" lẹ́nu àwọn òyìnbó, ibẹ̀ ni Na ti jáde. Káún tó ń wá láti apá Adágún Ṣáàdì, tí ẹ̀ ń fi sínú ewédú kó lè tètè rọ̀, ìyẹn ni ọmọ yín ń há sórí bí ọfọ̀ yẹn o!

K ńkọ́? Eérú ni. Orúkọ tí àwọn Lárúbáwá ń pe eérú igi àti ewéko ló di "álíkálì", inú ẹ̀ náà sì ni K ti wá. Kódà pòtásíọ̀mù tí òyìnbó ń pè é, ẹni bá tú u yóò rí i pé "eérú inú ìkòkò" ló túmọ̀ sí, nítorí inú ìkòkò ni wọ́n ti ń se omi eérú títí yóò fi gbẹ. Ọdún 1807 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Humphry Davy ní Lọ́ńdọ̀nù fi iná mànàmáná ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra wọn.

Ẹ̀yin púlọ́ḿbà wa náà ò gbẹ́yìn. Òjé ni àwọn ará Róòmù fi ń ṣe páìpù omi láyé ọjọ́un, wọ́n ń pe òjé ní "plumbum". Ó di Pb lára páálí, ó sì di púlọ́ḿbà lórí yín.

ÌYÁ ÀGBÀ TI ṢE É KÍ WAEC TÓ DÉ

Ọjọ́ yẹn ni mo rántí ìyá bàbá mi ní Òdè Rẹ́mọ. Bí ìyá yìí bá fẹ́ se ọṣẹ dúdú, á sun èèpo kòkó àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí yóò fi di eérú. Á kó eérú sínú ìkòkò tó lu nídìí, á da omi lé e, omi á máa ro tó, tó, tó sínú agbada. Á fi orí ìka kan kán an sórí ahọ́n: bí kò bá ta ahọ́n, kò tíì kan ún nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni yóò da àdín sí i, á gbé e kaná, á máa rò ó. Ohun tó ń ro nídìí ìkòkò yẹn, álíkálì ni. Kí álíkálì àti òróró pàdé lórí iná kó di ọṣẹ, ó wà nínú ìwé tí WAEC fi ń ṣèdánwò. Ìyá yìí ò mọ A yàtọ̀ sí B o!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ bu omi sóbò tí ẹ ò tíì fi ṣúgà sí sínú ife mẹ́ta. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, ẹ da omi eérú tàbí omi káún sí èkejì, ẹ fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ kẹ́ ẹ lè máa fi wò ó. Ti ọsàn wẹ́wẹ́ á túbọ̀ pọ́n, torí pé ásíìdì ni. Ti eérú á yí padà, á fẹ́ dà bí aró tàbí bí ewé. Ẹ má mu ìyẹn o! Bẹ́ ẹ bá sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí káún fúnra ẹ̀, á hó yaya. Gáàsì tó ń jáde yẹn náà ló wà nínú mínírà. Ẹ̀yin wẹ́dà tó ń da omi sí kábáìdì, ẹ̀yin náà ń ṣe é lójoojúmọ́.

Ẹni tó to páálí yẹn lẹ́sẹẹsẹ ní 1869, Mendeleev ni wọ́n ń pè é, ará Rọ́ṣíà. Ìtàn ìyá ẹ̀ wù mí kí ẹ gbọ́. Bàbá ẹ̀ fọ́jú, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ló bá di pé ìyá ló ń darí ibi tí wọ́n ti ń ṣe dígí kí wọ́n lè rí jẹ. Bàbá kú, iná tún jó ilé iṣẹ́ ọ̀hún. Ìyá yìí kò jókòó ti ẹkún. Ó mú ọmọ tó kẹ́yìn yìí, ó di Mọ́sókò. Wọn ò gbà á níbẹ̀, ó tún mú un dé St Petersburg, wọ́n gbà á síléèwé ní 1850. Ọdún yẹn náà ni ìyá kú. Kò sọ fún un pé kó ṣe èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

KỌ́KỌ́RỌ́ WÀ LẸ́NU ILẸ̀KÙN LÁÀBÙ

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Iléèwé tí mo lọ ní láàbù, mi ò ní í dárúkọ ẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ló máa ń wà lẹ́nu ẹ̀. Ẹnu la fi ń ṣe kẹ́mísírì. Tíṣà á ní, "Bí ẹ bá da eléyìí sí eléyìí, á di àwọ̀ pupa," àwa náà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé á di àwọ̀ pupa. Ìgbà tí WAEC ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ṣí i. Àwa mẹ́tàdínlógójì, bùrẹ́ẹ̀tì mẹ́rin.

Bùrẹ́ẹ̀tì yìí, ọ̀pá dígí gígùn kan ni, ó ní ẹ̀rọ kékeré nídìí. Ásíìdì lẹ máa bù sínú ẹ̀. Ẹ ó wọn álíkálì sínú ìgò kan nísàlẹ̀, ẹ ó kán oògùn aláwọ̀ kan sí i, á di àwọ̀ ìyeyè. Ẹ ó wá máa jẹ́ kí ásíìdì ro sí i, ẹ ó máa mi ìgò. Bó bá kù díẹ̀, ẹ ó máa ro ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan péré ló máa yí àwọ̀ padà, bẹ́ ẹ bá fi ẹyọ kan lé e, ó ti pọ̀jù, ẹ tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹ máa ṣe é, iye tẹ́ ẹ kà sì gbọ́dọ̀ bára mu. Ọwọ́ ló mọ irú iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ẹnu, bí ìgbà tí télọ̀ ń fi ọwọ́ mọ ibi tí ṣísọ́ọ̀sì máa dúró sí. Ṣé èèyàn á kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta, kó má tíì fọwọ́ kan aṣọ tẹ́lẹ̀? Bẹ́ẹ̀, ìdánwò ìlò ọwọ́ yìí wà lọ́tọ̀ nínú WAEC fún gbogbo ọmọ tó jókòó láti iléèwé.

Rẹ́mọ kọ́ ló yẹ kí irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní Ìkẹ́nnẹ́ níbí ni Táí Ṣólàrín àti ìyàwó ẹ̀, Sheila, ti dá Mayflower School sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní, 1956. Àwọn ọmọ ń roko, wọ́n ń bá wọn kọ́lé iléèwé fúnra wọn, nítorí bàbá yẹn ò gbà pé ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kàwé. Ní Ilé-Ifẹ̀ ẹ̀wẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní 1970, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ àyàfi Gẹ̀ẹ́sì, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ ọ̀hún ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Kọ́pà tiwa kò gbọ́ Yorùbá dénú, káún lásán ló mú dání, ó sì yé wa.

Àwọn òbí kan wà tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sójú pátákó fún ọmọ lọ́jọ́ ìdánwò ni wọ́n ń fi owó wá kiri. Owó ńlá ni wọ́n ń gbà níbẹ̀! Ní tèmi o, bí ogún òbí bá dá ìdajì owó yẹn jọ, á ra bùrẹ́ẹ̀tì tó máa kárí kíláàsì kan.

Ẹ̀yin tí ìpàdé òbí àti tíṣà bá kàn lóṣù yìí, ẹ ní kí wọ́n ṣí láàbù kẹ́ ẹ wò ó. Ẹ béèrè pé bùrẹ́ẹ̀tì mélòó ló wà níbẹ̀, ọmọ mélòó ló ń lò ó, ìgbà wo ni wọ́n sì lò ó kẹ́yìn. Ohun tí wọ́n bá sọ fún yín, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ewé lẹ́tà wa, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ̀yin olùkọ́ kẹ́mísírì náà, ẹ má bínú, ẹ kọ tiyín wá.