Láti Orí Òkè Wawel dé Òpópónà Szpitalna: Lórí Ipasẹ̀ Jerzy Nowosielski

Orí òkè Wawel ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn mi nílùú Kraków, nínú kàtídírà tí wọ́n ti ń dé àwọn ọba Pólándì ládé tí wọ́n sì ti ń sin wọ́n. Bí èèyàn bá ti wọlé, ilé àdúrà kékeré kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ti Àgbélébùú Mímọ́. Ọ̀pọ̀ àlejò á yọjú wo ibojì Ọba Kazimierz Kẹrin tí Veit Stoss fi òkúta pupa gbẹ́ ní 1492, wọ́n á sì kọjá lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbójú sókè. Àwọn ẹni mímọ́ àti áńgẹ́lì kún ara ògiri títí dé àjà, ojú wọn gùn, wọn ò sì rẹ́rìn-ín. Àwọn ayàwòrán láti Pskov ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ló yà wọ́n ní 1470. Kàtídírà Àgùdà nìyí, síbẹ̀ lẹ́tà Sírílíìkì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán. Inú Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, ìjọ Kristẹni ti Ìlà-Oòrùn, ni wọ́n bí Zofia, ìyá ọba náà, sí.

Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ rí èyí, torí àwọn kan ṣì ń sọ̀rọ̀ Jerzy Nowosielski, ayàwòrán ará Kraków tí mo ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀, bí ẹni pé ó lọ yá ẹ̀sìn àjèjì wá sí Pólándì. Ara Pólándì ni ẹ̀sìn yẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ní ìsàlẹ̀ òkè ni òpópónà Kanonicza wà. Ní ojúlé 17, nínú ààfin tí Bíṣọ́ọ̀bù Erazm Ciołek gbé nígbà kan rí, Ilé Ìkóhun-Ìṣẹ̀ǹbáyé ti orílẹ̀-èdè náà kó àwọn àwòrán mímọ́ ìjọ Ìlà-Oòrùn jọ síbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ikona. Ibí ni mo ti pẹ́ jù. Ẹ má dúró níwájú àwòrán nìkan. Ẹ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ wo bí pákó ṣe tẹ̀. Pákó igi tí àwọn ará Pólándì ń pè ní lipa ni wọ́n sáábà máa ń lò. Wọ́n á lẹ aṣọ ọ̀gbọ̀ mọ́ ọn lójú, wọ́n á po ẹfun pọ̀ mọ́ àtè tí wọ́n sè láti inú awọ ẹran, wọ́n á kùn ún, á gbẹ, wọ́n á tún kùn ún, títí ojú rẹ̀ á fi jọ̀lọ̀. Wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọ̀ tí wọ́n fi pupa ẹyin pò. Níkẹyìn wọ́n á fi òróró bò ó kó lè máa dán.

Òróró yẹn ló ń da nǹkan rú. Kò ní pẹ́ púpọ̀ tí á fi dúdú, èéfín àbẹ́là á sì tún kún un. Nígbà tí ìjọ ò bá rí ojú Màríà mọ́, wọ́n á pe ayàwòrán àdúgbò kó ya òmíràn lé e lórí. Bó ṣe ń lọ nìyẹn fún ọ̀rúndún mẹ́ta, mẹ́rin, tí ojú fi ń wà lábẹ́ ojú.

Iṣẹ́ àwọn olùtọ́jú iṣẹ́ ọnà wá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n á fi ẹ́síréè wo ohun tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n á fi bébà fẹ́lẹ́ àti àtè di àwọ̀ tó ń ṣí mú kó má baà já bọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á jókòó ti awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, pẹ̀lú òwú tí wọ́n yí mọ́ ṣónṣó igi àti abẹ mímú, wọ́n á máa nu ìdọ̀tí kúrò díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn. Ìpinnu ló nira ju iṣẹ́ ọwọ́ lọ: ṣé kí a ṣí àwòrán òkè dànù torí pé ti ìsàlẹ̀ dàgbà jù ú lọ? Àwọn èèyàn kúnlẹ̀ níwájú èyí tó wà lókè náà. Níbi tí àwọ̀ ti já pátápátá, wọ́n lè fi ìlà tínńtín tínńtín dí i, kí ẹni tó dúró lókèèrè rí àwòrán odindi, kí ẹni tó sún mọ́ ọn sì mọ̀ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ti kàn án. Mo bọ̀wọ̀ fún irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà nídìí àwọn pákó wọ̀nyí. Ní 1947, ìjọba Pólándì kó nǹkan bí 140,000 èèyàn, àwọn ará Ukraine àti àwọn Lemko, ẹ̀yà kan tó ń gbé orí òkè níbẹ̀, kúrò ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, wọ́n sì fọ́n wọn ká sí àríwá àti ìwọ̀-oòrùn. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì onípákó wọn ṣófo. Òmíràn di ibi ìkẹ́rùsí, òmíràn wó. Àwọn olùtọ́jú ló ń gba inú wọn kó àwọn ikona lọ sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ní Sanok àti Łańcut.

Lemko ni Stefan, bàbá Nowosielski, òṣìṣẹ́ rélùwéè. Àgùdà ni ìyá rẹ̀. Kraków ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ keje oṣù kìíní 1923. Nígbà tí mo gba òpópónà Wiślna lọ sí ojúde ọjà ńlá, mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Àgùdà tó ń fi ìlànà Gíríìkì jọ́sìn, níbi tó ti ń gbọ́ orin ìsìn nígbà èwe rẹ̀. Ní 1942, ogun gbóná, ó lọ bá àwọn mọ́ńkì nítòsí Lwów láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ikona. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí Àgbà Bíṣọ́ọ̀bù Sheptytsky dá sílẹ̀ nílùú yẹn, ó rí ọ̀pọ̀ ikona àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ẹwà wọn dun òun lára bí ìrora, pé ẹsẹ̀ òun kọ̀ láti gbé òun lọ sí yàrá kejì. Mo gbà á gbọ́. Gbogbo ohun tó yà lẹ́yìn náà ló ní àpá ọjọ́ yẹn lára.

Àìsàn lé e padà sílé. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ kú fún ọdún mélòó kan, ó sì tún sọjí, nínú Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì lọ́tẹ̀ yìí. Ó bá Adam Stalony-Dobrzański ya ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ní Gródek ní àwọn ọdún 1950. Ó ya ti àwọn Àgùdà ní Wesoła lẹ́bàá Warsaw àti ní Tychy. Láàárín 1992 sí 1997, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí òun fúnra rẹ̀ ya àwòrán ilé rẹ̀ sí Biały Bór ní àríwá, fún àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé ní 1947. Gbogbo ìjọ kọ́ ló gba iṣẹ́ rẹ̀ o. Àwọn kan wo ojú tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yà, wo dúdú àti pupa tó jinlẹ̀, wọ́n ní àwọn ò fẹ́. Ọkùnrin yìí kan náà ló tún ń ya ìhòòhò obìnrin, àwọn eléré ìdárayá, àti ìlú tó dákẹ́, pẹ̀lú irú ọ̀wọ̀ tó fi ń ya ẹni mímọ́. Lójú rẹ̀, ara èèyàn náà yẹ fún ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́run. Èmi rò pé ohun tó dẹ́rù ba àwọn ìjọ wọ̀nyẹn gan-an nìyẹn.

Mo gba abẹ́ Ẹnubodè Florian jáde sí ojúde tí wọ́n ń pè ní plac Matejki, síbi tí Akádẹ́mì Iṣẹ́ Ọnà wà. Nowosielski kọ́ni níbẹ̀ láti 1962 sí 1993. Ẹ̀ka kan wà nínú Akádẹ́mì yìí kan náà tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìtọ́jú iṣẹ́ ọnà àtijọ́. Mo fẹ́ràn pé iṣẹ́ méjèèjì, àwòrán yíyà àti ìtọ́jú, wà lábẹ́ orúkọ kan, torí wọn ò lè wà láìsí ara wọn. Olùtọ́jú ń sọ fún ọwọ́ rẹ̀ pé kó má fi ohunkóhun kún un. Nowosielski rí i pé bí ẹnì kankan ò bá fi kún un mọ́, ikona á di ẹrù inú gíláàsì nìkan.

Mo wá yí padà sí òpópónà Szpitalna, ojúlé 24. Ilé àdúrà àwọn Júù ni nígbà kan rí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ló di ti Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì. Ó há sáàárín àwọn ilé yòókù débi pé èèyàn lè kọjá rẹ̀ láìmọ̀. Iṣẹ́ Nowosielski wà nínú rẹ̀, kò sì sí gíláàsì tó dí wọn. Àwọn ìyá àgbà ń fi ẹnu ko ikona, wọ́n ń tan àbẹ́là, tùràrí ń rú. Inú ìjọ yìí ni Nowosielski ti ń jọ́sìn kó tó kú ní 2011. Èéfín yìí á dé ara àwòrán tirẹ̀ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti plac Matejki á gbé òwú àti abẹ wá síbí lọ́jọ́ kan, á sì ní láti pinnu bí ìdọ̀tí tí òun fẹ́ nù ṣe pọ̀ tó, àti èyí tó jẹ́ àdúrà àwọn èèyàn wọ̀nyí nínú rẹ̀.