Bẹ́ẹ̀dì Oníná àbí Fóòmù?

Ní Port Harcourt, ọ̀dọ̀ ọmọ ni arúgbó tí kò lè yíra padà mọ́ sábà máa ń wà. Ilé ìtọ́jú arúgbó kò pọ̀. Ibi yòówù kó wà, egbò ìdùbúlẹ̀ ń ṣọ́ ọ. Egungun ìdí, ìbàdí àti gìgísẹ̀ á tẹ ẹran ara mọ́ bẹ́ẹ̀dì títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní ráyè kọjá, ibẹ̀ á sì kú.

Bẹ́ẹ̀dì oníná ní ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú àwọn àpò rọ́bà: bí èyí ti ń wú ni tọ̀hún ń rọ̀, kí ìwúwo má baà jókòó sójú kan. Fóòmù tí mo fẹ́ fi wé e kì í ṣe ọ̀tọ́pẹ́díìkì ọjà tó le bíi pákó. Èyí tó nípọn, tí ara ń rì sínú rẹ̀ díẹ̀, ni mò ń wí.

Ẹni tó bá rò pé èyí tó wọ́n jù ló dára jù á ti mú oníná. Síbẹ̀, ìwádìí PRESSURE 2 ní Bìrìtéènì, lórí aláìsàn tó lé ní 2,000, kò rí ìyàtọ̀ kan gbòógì láàárín méjèèjì. Èsì rẹ̀ jáde ní 2019. Lọ́dún yẹn kan náà, nílé arúgbó 26 ní Belgium, wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì afẹ́fẹ́ tí kò lo iná rárá wé oníná. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, egbò mú nǹkan bí 5 nínú 100 lórí aláìníná, ó mú nǹkan bí 12 lórí oníná!

Nílùú tí iná mànàmáná ń lọ nígbà tó wù ú, kí la tún ń rò? Bí iná bá lọ lóru, ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀dì oníná á rọ̀ wọ̀ọ̀, màmá á rì kan pákó, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Rọ́bà tún ń múni làágùn, awọ tó ti rin fún òógùn sì ń tètè bó. Fóòmù náà ní tiẹ̀: bí ìtọ̀ bá wọnú rẹ̀, tàbí tó jin kòtò láàárín, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí egbò rẹ̀ ti jìn, tí ìnfátà ilé rẹ̀ sì dá a lójú, n kò ní ní kó má ra oníná.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lára fóòmù ni oorun olùtọ́jú. Ìwádìí kan nílé arúgbó Amẹ́ríkà àti Kánádà, tó jáde ní 2013, rí i pé lórí fóòmù tó dára, yálà wákàtí 2, 3 tàbí 4 ni wọ́n fi ń yí arúgbó, iye egbò kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Owó tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi gba ẹni tí yóò máa bá yín yí màmá lóru.