Píánò: Ìlù Tí A Kò Lè Gbé Kọ́ Èjìká

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Òótọ́ ni òwe yìí ní ti igbá, ṣùgbọ́n orin kò rí bẹ́ẹ̀. Bí olórin bá dákẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ni yóò gbé e lọ. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwọn ọmọ Yorùbá tó fi Minna àti àwọn ìlú mìíràn lókè Ọya ṣe ibùgbé mọ̀ nípa àwọn oníṣòwò tó ń ta píánò, tí wọ́n sì tún ń ti àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn.

Onígángan a máa gbé ìlù rẹ̀ kọ́ èjìká lọ sí òde àríyá. Ó mọ awọ rẹ̀, ó sì mọ ọṣán rẹ̀. Ti ẹni tó ń tẹ píánò yàtọ̀. Píánò ńlá tí wọ́n ń lò ní gbọ̀ngàn orin lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 274, kí ó sì wúwo tó kílò 480. Ibi tí à ń fi ìka tẹ̀ lára rẹ̀ jẹ́ 88. Bí a bá ti tẹ ọ̀kan, òòlù kékeré kan tí a fi irun àgùntàn wé yóò lu okùn irin nínú àpótí náà, pákó pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ okùn yóò sì sọ ohùn rẹ̀ di ńlá. Àwọn okùn náà lé ní 200, agbára tí a fi fà wọ́n le sì tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 20 lápapọ̀. Ta ni yóò máa gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kiri? Èyí tí olórin bá bá nílé onílé ni yóò tẹ̀. Bí ohun èlò náà kò bá sì dára, olórin ni àwọn ènìyàn yóò bá wí.

Ọgbọ́n ilé iṣẹ́ Steinway

Ilé iṣẹ́ Steinway & Sons tètè rí ìṣòro yìí. Heinrich Steinweg, ará Jámánì tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ní New York lọ́dún 1853. Ní ọdún 1866, wọ́n ṣí gbọ̀ngàn orin tiwọn. Ní ọdún 1872, wọ́n ti Anton Rubinstein, gbajúmọ̀ ọmọ Rọ́ṣíà, lẹ́yìn láti rìn yí Amẹ́ríkà ká, ó sì ṣe àṣehàn 215 láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́jọ. Kì í ṣe ìtọrẹ àánú rárá. Ẹni tó bá gbọ́ Rubinstein lónìí lè wá ra píánò lọ́la. Síbẹ̀, oníṣòwò jèrè, olórin jèrè, àwọn olùgbọ́ náà sì jèrè.

Àṣà náà kò tíì parẹ́. Àwọn olórin tí ilé iṣẹ́ náà kà sí tirẹ̀ kì í gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ní píánò rẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lọ ṣeré nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n lè yan èyí tó wù wọ́n nínú àwọn píánò tí ilé iṣẹ́ náà fi pamọ́ fún àṣehàn. Ní ọdún 2010, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwo orin jáde fúnra rẹ̀.

Àwọn ọmọ Yorùbá nídìí píánò

Òkè Ọya ni a bí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ tiwa sí. Jos ni a bí Ayọ̀ Bánkólé sí lọ́dún 1935, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kàwé ní London àti Cambridge, ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó. Ọdún yẹn náà ni a bí Akin Euba ní Èkó. Òun ló kọ́ni pé a lè tẹ píánò bí ẹni ń lu ìlù, kí ó máa sọ̀rọ̀ bíi dùndún, kí ó máa tún ìró kan náà pè bí àwọn omele ti ń ṣe.

Bánkólé kú lọ́dún 1976, ẹni ọdún 41. Orí ìwé ni ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ wà fún ìgbà pípẹ́, ẹni tó bá sì lè ka ìwé orin nìkan ló lè mọ adùn wọn. Ní ọdún 2018 ni Rebeca Omordia, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ará Romania, gbé àwo orin kan tó ń jẹ́ Ekele jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ Bánkólé sì wà nínú rẹ̀. Nínú àwo orin mìíràn tó ṣe lọ́dún 2022, ó tẹ àwọn orin Yorùbá tí Euba sọ di ti píánò. Euba ti kú ní ọdún 2020.

Ohun tó kù fún wa

Nílé níhìn-ín, ẹgbẹ́ MUSON, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1983, ní gbọ̀ngàn àti ilé ẹ̀kọ́ orin ní Oníkan. Àjọ MTN Foundation sì ti ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú owó ẹ̀kọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Èkó jìnnà sí ọmọ tó ń dàgbà ní Minna.

Bí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé ẹ̀kọ́ kan nítòsí bá ní píánò, ìtọ́jú rẹ̀ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ọyẹ́ a máa gbẹ omi ara pákó, okùn yóò dẹ̀, ohùn yóò sì wálẹ̀. Bí òjò bá dé, pákó yóò tún wú. Nítorí náà, kí a má ṣe gbé píánò sí ojú fèrèsé tàbí inú oòrùn, kí a sì máa pe ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe wá, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Iṣẹ́ kejì kò ná ni ní owó púpọ̀. Bí ọmọ bá tẹ orin àwọn baba rẹ̀ dáadáa, kí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí a kọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ẹni tó ṣẹ̀dá orin náà sí i lára, kí a sì tọ́jú rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí oníṣòwò, òbí àti ìjọ bá pawọ́ pọ̀, orin tí Bánkólé àti Euba fi sílẹ̀ kò ní bá wọn wọ ilẹ̀.